Ẹ Wọn Ẹsẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Bàtà Oko

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí. Bí òjò bá ti ń fìdí múlẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀, ẹgbẹ́ ọdẹ, àwọn ìjọ àti àwọn olóore tí ó ń ran ará abúlé lọ́wọ́ káàkiri Èkìtì máa ń ra bàtà oko ní ọ̀pọ̀ yanturu láti pín. Ohun tí ó dára ni, n kò sì kọ ìwé yìí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí pé ó ṣe oore. Ọ̀nà tí a ń gbà rà á ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí. Iṣẹ́ aránbàtà ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, ọ̀dọ̀ mi àti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ni púpọ̀ nínú irú bàtà bẹ́ẹ̀ máa ń balẹ̀ sí láìpẹ́ ọjọ́, yálà kí a lẹ ìsàlẹ̀ tí ó ti ṣí, tàbí kí a wá ọgbọ́n tí a ó fi fẹ imú bàtà tí ó ń há ẹni tí ó ni ín lẹ́sẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ: a kì í wọn ẹsẹ̀ ẹni tí yóò wọ bàtà kí a tó náwó lé e. Ẹni tí a rán lọ sí ọjà yóò kó nọ́ńbà 42 àti 43 lọ rẹpẹtẹ, yóò fi 40 díẹ̀ sí i nítorí àwọn obìnrin, yóò sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn obìnrin tí ẹsẹ̀ wọn kò ju 37 tàbí 38 lọ yóò wá máa di àkísà sí imú bàtà kí ó má baà yọ lẹ́sẹ̀ wọn nínú ẹrẹ̀. Bàtà tí ó tóbi jù máa ń gòkè sọ̀kalẹ̀ ní gìgísẹ̀ títí ìléròró yóò fi yọ; èyí tí ó kéré jù máa ń ti ìka ẹsẹ̀ bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, títí èékánná àtàǹpàkò yóò fi dúdú tí yóò sì ré. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, bàtà ti wà lábẹ́ ibùsùn, sálúbàtà ni àgbẹ̀ tún wọ̀ lọ sí oko. Owó ti lọ, ẹsẹ̀ sì wà níta gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Wíwọn ẹsẹ̀ kò gbà ju ìwé pẹlẹbẹ kan, pẹ́ńsùlù àti rúlà lọ. Kí ẹni náà fi gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ó dúró lórí ìwé náà kí ìwọ̀n ara rẹ̀ lè tẹ ẹsẹ̀ náà fẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó a máa kúrú díẹ̀ ju ti ẹni tí ó dúró lọ. Kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, kí ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ìka tí ó gùn jù parí sí. Mo ní ìka tí ó gùn jù, n kò ní àtàǹpàkò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìka kejì wọn gùn ju àtàǹpàkò lọ, ìka kejì yìí ni ó sì máa ń jìyà nínú bàtà tí a fi àtàǹpàkò nìkan wọ̀n. Kí a tún wọn ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, ní ìdí àwọn ìka. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n. Ó wọ́pọ̀ kí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, ti èyí tí ó tóbi ni a sì ń rà, nítorí pé a lè fi ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà dí àyè tí ó ṣẹ́ kù fún èkejì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè fi gé ẹsẹ̀ kù. Ìrọ̀lẹ́ sì ni àkókò tí ó dára jù láti wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àti ìdúró ọjọ́ kan, bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ òwúrọ̀ mu rẹ́gírẹ́gí lè di ohun ìnira nígbà tí oòrùn bá yí wálẹ̀.

Bí a bá ti mọ gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kò ní dẹ́rù bani mọ́. Nọ́ńbà ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí a mọ̀ jù ní ọjà wa, ń fi ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà gùn sí i láti ọ̀kan dé èkejì. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta ínǹṣì gùn sí i, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 8 àbọ̀. Nítorí pé ìṣísẹ̀ wọn kò dọ́gba, kò sí bí a ṣe lè pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì tí kò ní ṣẹ́ díẹ̀ kù tàbí kí ó lé díẹ̀. Nọ́ńbà 8 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ 42, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Amẹ́ríkà yóò kọ nǹkan bíi 9 sí ara bàtà ọkùnrin kan náà. Ọlọ́jà tí ó rí 9 tí ó sì pè é ní 43 lè má purọ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kà á sí, nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní ti Amẹ́ríkà lọ́kàn. Ìṣirò tí mo ń fún àwọn ọmọṣẹ́ mi nìyí: ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ kún gígùn ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ àpapọ̀ rẹ̀ di ìlọ́po kan àbọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 26 yóò rí 41 àti díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà 42 ni kí ó kọ́kọ́ gbé wò bí ó bá máa fi ìbọ̀sẹ̀ tí ó nípọn wọ̀ ọ́. Àwọn bàtà ológun kan wà tí a kọ gígùn ẹsẹ̀ gan-an sí inú wọn ní mílímítà, bíi 260 tàbí 270. Èmi fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo èyí tí ó kù lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀, nọ́ńbà kàn ń júwe ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Kò sí ilé iṣẹ́ méjì tí ń gé 42 wọn bákan náà. Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa wọ̀ lọ sí oko tàbí sí orí òkè ni kí ẹ mú dání, kí í ṣe ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń wọ̀ lọ sí ilé ìjọsìn. Ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú títí ìka yóò fi kan imú bàtà kí ẹ tó so okùn, kí ẹ sì fi ìka ọwọ́ kan wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Bí ìka ọwọ́ náà kò bá wọlé, bàtà náà kéré. Lẹ́yìn náà, ẹ ta gìgísẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ so okùn dáadáa, kí ẹ sì rìn. Ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè mì láìsí ìdíwọ́, gìgísẹ̀ kò sì gbọdọ̀ máa ṣí kúrò nílẹ̀ bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ẹ wá àtẹ̀gùn tàbí pákó tí a gbé dàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọjú sí ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí. Bí ìka bá ń lu imú bàtà lórí pákó kékeré yẹn, ẹ ronú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, tí òkúta lásán sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín fún ìgbà pípẹ́.

Fífẹ̀ ẹsẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn tí ń ra bàtà fún ẹgbẹ́ kì í rò rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà wa ni ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn ní ìgbà èwe, ẹsẹ̀ ẹni tí ó dàgbà bẹ́ẹ̀ sì máa ń fẹ̀ níwájú, tí àwọn ìka á yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàtà tí a ṣe lórí fọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ohun líle tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀ tí a ń rán bàtà lé lórí, yóò bá irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu ní gígùn, yóò sì fún un pa ní ẹ̀gbẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọn á ra nọ́ńbà méjì sókè kí ó lè fẹ̀ tó, àyè yóò wá ṣófo níwájú, ibi tí ó yẹ kí bàtà ti ká yóò sì bọ́ sí iwájú ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ká. Kí á wá bàtà tí imú rẹ̀ gbòòrò ni ó sàn jù. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà jáde, kí ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ sì dúró lé e lórí. Bí ẹsẹ̀ bá yọ sí ìta ní ẹ̀gbẹ́, ẹ dá bàtà náà padà fún ọlọ́jà. Ẹni tí ó bá ní àrùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju gbogbo wa lọ nípa èyí, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bó láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lára.

Ilẹ̀ tí a ó rìn ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé ẹsẹ̀ nínú ohun tí a ó gbé yẹ̀wò. Ilẹ̀ Èkìtì kò rí bákan náà. Ẹni tí ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀ ní agbègbè Ìgbẹ́mọ ń fi ẹsẹ̀ rin omi àti ẹrẹ̀. Bàtà òjò tí ó ga dé abẹ́ orúnkún ni tirẹ̀, kò sì sí bàtà awọ kankan tí ó lè bá a díje níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó. Ó ń dènà omi, ó sì ń dènà aràn tí ń gba awọ ẹsẹ̀ wọ inú ara. Nínú oko kòkó àti igbó, níbi tí ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀, gíga bàtà yìí tún wúlò nítorí paramọ́lẹ̀, tí kì í sá fún ènìyàn, tí ó máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ títí a ó fi tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ àti ojúgun ni irú ejò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bù jẹ. Bàtà kò sọ ẹnikẹ́ni di aláìlèpalára, ilé ìwòsàn náà sì ni kí ẹni tí ejò bá bù jẹ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà tí ó nípọn sàn ju awọ ẹsẹ̀ lọ.

Bàtà òjò kan náà yìí di ewu ní orí àpáta. Kò di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ẹsẹ̀ a sì máa yí nínú rẹ̀ bí ẹni ń yí odó nínú àgbá. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń gun Olósùnta àti Orólè, tàbí tí ń rìn lórí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Òkèmẹ̀sí, bàtà olókùn tí ó bo kókósẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tí ó rọ̀ díẹ̀, ni wọ́n nílò. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà náà: bí ojú rẹ̀ bá gbà díẹ̀ tí ó sì padà, yóò di àpáta mú; bí ó bá le bí ike tí ó sì ń dán, orí òkúta tútù ni yóò ti tú àṣírí ara rẹ̀. Ehín ìsàlẹ̀ bàtà náà ṣe pàtàkì. Kí ó jìn tó mílímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí àyè sì wà láàrin wọn, nítorí pé amọ̀ pupa ilẹ̀ wa a máa dí ehín tí ó súnmọ́ra títí ìsàlẹ̀ bàtà yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí gìgísẹ̀ bàtà náà sì yà sọ́tọ̀, kí ó ní etí tí ó ṣe kedere, nítorí pé òun ni ó ń dá ènìyàn dúró bí a bá ń sọ̀kalẹ̀. Ní ibi tí omi Àrìnta ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, tí omi ń ta sí òkúta tí èéhù sì bò ó, kò sí bàtà tí mo lè búra fún. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹni tí ń lọ síbẹ̀ máa tẹ ẹsẹ̀, bí ó ti wù kí bàtà rẹ̀ dára tó.

Àwọn tí ń fọ́ òkúta ní Ìkẹ́rẹ́ àti àwọn tí ń wa ilẹ̀ ní agbègbè Ìjerò nílò oríṣi mìíràn, ìyẹn bàtà onírin. Ìlànà àgbáyé wà fún un, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni ISO 20345. Irin tàbí ike líle tí ó wà ní imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba agbára jáòlù 200, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irin oníkílò 20 tí ó já láti ibi tí ó ga tó mítà kan. Bí a bá kọ S1 sí i, ó mọ síbi imú líle, gìgísẹ̀ tí a bò àti àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ S3, ó tún ní ohun tí ń dènà ìṣó ní ìsàlẹ̀, omi kì í tètè wọ awọ rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní ehín. S5 ni irú rẹ̀ tí a fi rọ́bà ṣe. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ra bàtà fún àwọn afọ́-òkúta kò yẹ kí ó gba ohun tí ó kéré sí S3. Lẹ́tà SRC, tí a máa ń kọ sí ara àwọn kan kí a tó tún ìlànà náà ṣe ní 2022, ń sọ pé a dán an wò lórí táìlì tí a da omi ọṣẹ sí àti lórí irin tí a da ohun yíyọ̀ sí. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa èéhù Àrìnta. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé imú irin kì í fẹ̀. Bàtà awọ lásán lè gbà díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwa náà sì lè fi fọ́ọ̀mù fẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí irin bá ti ń gé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ìdí nìyí tí wíwọn ẹsẹ̀ fi ṣe pàtàkì fún wọn ju fún ẹnikẹ́ni lọ.

Nípa dídára, ojú ni ó ń tàn wá jẹ jù. Ohun tí a ń pè ní awọ ní ọjà pọ̀ ju oríṣi kan lọ. Awọ òkè, tí ihò irun ẹran ṣì hàn lára rẹ̀ bí a bá wò ó dáadáa, lágbára, a sì máa fi òróró tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Awọ abẹ́, tí a là kúrò lára rẹ̀, tí a sì fi ike bò lójú kí ó lè dán, máa ń sán ní ibi tí bàtà bá ti ń ká. Èyí tí kì í ṣe awọ rárá, tí ó jẹ́ aṣọ tí a fi ike pa lójú, máa ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja nígbà tí oòrùn àti òjò wa bá ti bá a jà díẹ̀. Ẹ wo etí ibi tí a ti gé e, nínú ihò okùn tàbí ní ojú ahọ́n bàtà: bí ẹ bá rí aṣọ hínhun níbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ó jẹ́. Ahọ́n náà yẹ kí a rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ara bàtà títí dé òkè, kí omi àti iyanrìn má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ ká bàtà náà. Ìdí àwọn ìka ni ó ti yẹ kí ó ká, kì í ṣe àárín. Ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Bí ó bá lọ́ pátápátá, kò ní gbé ẹsẹ̀ ró lórí òkúta.

Bí a ṣe so ìsàlẹ̀ mọ́ òkè ni ó ń sọ bóyá aránbàtà yóò lè ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú. Èyí tí a rán, tí ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká, a lè tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí a sì rán òmíràn sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ fúyẹ́, kò sì burú bí gọ́ọ̀mù náà bá dára, ṣùgbọ́n ooru inú ọkọ̀ àti oòrùn orí pákó ìtajà máa ń bà á jẹ́. Èyí tí a da rọ́bà rẹ̀ pọ̀ mọ́ awọ nínú ẹ̀rọ kì í ṣeé tún ṣe dáadáa. Àwọn aránbàtà ìlú Àbá ní ilẹ̀ Ìgbò wà tí iṣẹ́ wọn ṣeé gbára lé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fojú tín-ín-rín nítorí pé kò ti òkè òkun dé. Mo máa ń gba ẹgbẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ̀wé sí irú wọn, nítorí pé ẹni tí ó bá ń rán bàtà lè rán an sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ tí a bá fún un.

Ó kan bàtà tòkunbọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Bàtà awọ gidi tí a rán, tí ẹlòmíràn ti wọ̀, lè sàn ju tuntun tí a fi ike ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ojú kò lè rí. Ọ̀pọ̀ bàtà ìgun-òkè ni ó ní ìpele kan láàrin rọ́bà ìsàlẹ̀ àti awọ, tí a fi ohun tí a ń pè ní polyurethane ṣe, kí ìrìn lè rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú un yára, yálà a wọ bàtà náà tàbí a kò wọ̀ ọ́. Bàtà tí ó ti wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí òkè rẹ̀ ń dán bí tuntun, lè dé orí òkè kí gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ kí ó sì já sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ọlọ́jà, òun náà kò mọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ ìpele àárín yẹn gidigidi, kí ẹ ká bàtà náà, kí ẹ sì wo bóyá ó sán, bóyá ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí bóyá ó ń fọ́ bí àkàrà tí ó ti gbẹ. Bí ó bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, ẹ má gbà á, kódà ní ẹ̀dínwó. Mo sì rọ àwọn ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má kó tòkunbọ̀ ní àpò fún pípín, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè bá ẹsẹ̀ ogójì mu nínú àpò tí bàtà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ oríṣi tirẹ̀.

Àmì onígun mẹ́jọ aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá ní ìsàlẹ̀ bàtà, tí a kọ Vibram sí, ní ìtàn tí ó yẹ kí a mọ̀. Ọmọ Ítálì kan tí ó máa ń gun òkè, Vitale Bramani, pàdánù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà lórí òkè Alps ní 1935, a sì gbà pé bàtà wọn wà lára ohun tí ó fà á, nítorí pé bàtà ìgbà náà kò ṣeé wọ̀ nínú òtútù àti lórí òkúta papọ̀. Ní 1937 ni ó gbé ìsàlẹ̀ onírọ́bà tí ó ní ehín jíjìn jáde, nígbà tí ó sì di 1954, irú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ítálì wọ̀ dé góńgó K2, òkè kejì tí ó ga jù ní àgbáyé. Ayédèrú àmì náà pọ̀ lọ́jà. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà rẹ̀ bí mo ṣe wí lókè, kí ẹ má wo àmì nìkan.

Bàtà tí a ní omi kò lè wọ̀, tí ó ní ìpele ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi Gore-Tex nínú, ń wúlò ní ilẹ̀ olótùútù. Ní tiwa níhìn-ín, ẹsẹ̀ yóò làágùn nínú rẹ̀, omi òjò yóò sì gba òkè wọlé bí ó bá jìn, lẹ́yìn èyí tí kò ní tètè jáde mọ́. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi owó kún owó nítorí rẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ ni ohun èlò tí a ń fojú kéré jù. Òwú máa ń mu òógùn, ó sì máa ń gbà á mọ́ra; awọ ẹsẹ̀ tí ó tutù tí nǹkan sì ń ra mọ́ ni ó ń bí ìléròró. Èyí tí a fi irun àgùntàn ṣe, tàbí tí a pò pọ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù, sàn, kí ó sì ga ju ẹnu bàtà lọ. Bí ẹgbẹ́ bá ń pín bàtà láìpín ìbọ̀sẹ̀ méjì mọ́ ọn, ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Àpò ẹ̀yìn àwọn tí ń gun òkè náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: kí ìgbànú rẹ̀ jókòó sí egungun ìbàdí, kí ibẹ̀ gbé púpọ̀ nínú ẹrù, kí èjìká má baà gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ̀wù òjò, kí ó fẹ̀ tó láti gbé apá sókè nínú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ àwọn tí ń fi àdá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ mu gírígírí, nítorí pé èyí tí ó tóbi lè mú kí àdá yọ́ bọ́.

Lẹ́yìn oko, ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò, ẹ tú okùn, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀, ẹ sì rún ìwé ìròyìn sí inú bàtà, kódà bí ó bá jẹ́ ìwé ìròyìn yìí, kí Olóòtú dárí jì mí. Abẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí ó ti gbẹ. Ẹ má gbé e sẹ́bàá iná ìdáná. Awọ tí iná gbẹ máa ń sán, gọ́ọ̀mù tí ó gbóná sì máa ń tú.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ ẹgbẹ́ àti àwọn olóore rèé. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣí ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀, kí ó kọ gígùn ẹsẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ rẹ̀, àti irú ilẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ lé: àkùrọ̀, igbó, àpáta tàbí ibi ìfọ́-òkúta. Ìwé yẹn ni kí a gbé fún ọlọ́jà kí ó tó dá iye lé nǹkan kan. Kí a sì bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn kí a tó sanwó pé ẹni tí bàtà rẹ̀ kò bá bá a mu yóò lè pààrọ̀ rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé inú ilé ni ó ti wọ̀ ọ́ rìn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì kan erùpẹ̀. Àwọn ọlọ́jà wa ní Adó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àga kan àti pákó dàgẹ̀rẹ̀ kan sí iwájú ìsọ̀, kí ẹ má sì bínú sí ẹni tí ó bá gbìyànjú bàtà mẹ́ta kí ó tó rí èyí tí ó fẹ́. Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan bá sì fẹ́ kí a wá wọn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní ọjọ́ ìpàdé, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ṣetán láti mú rúlà àti ìwé wá, a kò sì ní gba owó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránbàtà kan,
Adó-Èkìtì.